Ìgò Dísù Ojú Fèrèsé Ìyá Ẹlẹ́rọ

Lọ́jọ́ tí a ń ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ ìyá àgbà mi, Àfáà tún láwàní wọn ṣe, wọ́n ní ìyá tí a tìtorí wọn péjọ yìí kò bá ẹnikẹ́ni jà rí láyé wọn. Mo wúkọ́. Ìyá mi fi ìgúnpá gún mi níhà. Ìyá kan tó jókòó sẹ́yìn wa, tí òun náà ní ẹ̀rọ ata ní òpópónà kejì, bú sẹ́rìn-ín, ó sì yára sọ ọ́ di ikọ́, bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ káàkiri abẹ́ kánópì nìyẹn bí ẹni tí eruku sìmẹ́ǹtì wọ̀ lọ́fun. Ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé èmi ni n ó kọ bí Màmá ṣe rí, torí tí a bá fi í sílẹ̀ fún Àfáà, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi sọ pé ohùn Màmá kì í jáde.

Ohùn Màmá ń jáde. Wọ́n bá ọmọ jà, wọ́n bá àna jà, wọ́n sì bá ilé epo bíi mẹ́fà jà láti Ojú Ore títí dé abẹ́ bíríìjì Ṣàngó. Wọn kì í ṣe oníjà o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Wọ́n kàn gbà pé gbogbo wàhálà tó wà láyé, inú epo dísù ló ti ń jáde wá ni.

Ìyá Ẹlẹ́rọ ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan níwájú ilé wa ní Ojú Ore, níbi tí èèyàn ti ń lọ ata, ẹ̀wà àti èlùbọ́. Dísù ni ẹ̀rọ inú rẹ̀ ń mu, kò sì ní bọ́tìnì kankan. Irin gígùn kan lèèyàn máa kì bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì máa fi ọwọ́ yí i títí tó fi máa dìde. Bàbá àgbà mi ló rà á kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí bàbá kú, àwọn ọmọ dá a lábàá pé kí wọ́n ta ẹ̀rọ náà. Màmá bi wọ́n léèrè pé, “Ta ló kú gan-an, ṣé bàbá yín ni àbí ẹ̀rọ?”

Lójú Màmá, ẹ̀rọ yẹn ò lè ṣàìsàn. Tí kò bá dìde, epo ni. Tó bá ń rú èéfín, epo ni. Tí bẹ́líìtì bá já, wọ́n á ní epo burúkú ló mú kí ẹ̀rọ máa gbọ̀n, gbígbọ̀n yẹn ló sì já bẹ́líìtì. Mẹkáníìkì kan wá tú u wò lọ́jọ́ kan, ó ní irin kan ti jẹ nínú rẹ̀. Màmá ní kí ló jẹ ẹ́? Ọkùnrin náà ní ọjọ́ ti pẹ́ ni, Mà. Màmá wò ó láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, “Ọjọ́ kì í wọnú ẹ̀rọ. Dísù ló ń wọ ibẹ̀.”

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ epo tó dára ni pé kí wọ́n ka iye ìgbà tí a bá yí irin náà kí ẹ̀rọ tó dìde. Wọ́n máa ń kà á sókè ketekete, gbogbo ojúlé á sì gbọ́. Ìgbà kan tàbí ìgbà méjì, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́. Tó bá di ìgbà mẹ́rin, ojú wọn á le. Tó bá di ìgbà méje, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ ilé epo tí wọ́n ti rà á, orúkọ ẹni tó fa epo fún wọn, àti irú ilé tí wọ́n rò pé onítọ̀hún ti jáde wá. Àwọn fúnra wọn ló ń yí i títí orúnkún fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Láti ìgbà náà, ọkùnrin tó bá gbé ata ìyàwó rẹ̀ wá ló máa yí i. Wọ́n ti fi ọlọ́pàá yí i rí. Wọ́n ti fi pásítọ̀ yí i, pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Ọkùnrin kan tiẹ̀ wá láti bèèrè ilé tó ṣófo ni, ó yí ẹ̀rọ tán kó tó rántí pé òun ò gbé ata kankan wá.

Ọkọ mi, Wálé, náà jẹ nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo mú un wá kí wọ́n wá rí i, aṣọ funfun ló wọ̀. Màmá ní, “Káàbọ̀, ọkọ mi. Bá mi yí ẹ̀rọ yìí ná.” Ó bọ́ bàtà, ó kì irin bọ̀ ọ́. Màmá ń kà. Ní ìgbà kẹfà, èéfín funfun jáde. Ní ìgbà kẹsàn-án, èéfín dúdú tẹ̀ lé e, gbogbo rẹ̀ sì lọ sára aṣọ yẹn. Ìgbà kọkànlá ni ẹ̀rọ tó dìde. Ìyá mi ti wọlé lọ fi ojú pamọ́. Wálé nu ojú, ó ní, “Ṣé kí n pa á kí n tún un yí, Mà, ká wò ó bóyá á dáa sí i?” Màmá ní kó jókòó, wọ́n ní kí n gbé omi fún un. Ó tó ọdún méjì kí n tó mọ̀ pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dà sẹ́rọ lọ́jọ́ yẹn. Mo bínú gan-an. Mo ní kí ló dé tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ? Wọ́n ní, “Ìgbà wo lo fẹ́ kí n mọ̀ bó ṣe ń bínú, ṣé lẹ́yìn ìgbéyàwó?”

Ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí ọwọ́ mi ò mọ́ nínú rẹ̀. Èmi ni mo kọ́ Màmá ní ọ̀rọ̀ náà, sétéènì. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì àti àwo oníke ni mo ń bá ṣiṣẹ́, lọ́nà ibi tí àwọn ilé-iṣẹ́ pọ̀ sí ní Ọ̀tà níbí. Jẹnẹrétọ̀ wa tóbi ju ilé lọ, èmi ni mo sì ń gba dísù lọ́wọ́ tánkà. Ẹnjiníà wa ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, èmi náà délé, mo ń fọ́nnu. Mo ní, “Màmá, gbogbo dísù kọ́ ló yá lára. Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n ń pè ní sétéènì. Tí nọ́ńbà yẹn bá ga, bí dísù bá ṣe ń wọnú ẹ̀rọ ló máa gbiná. Tó bá kéré, á kọ́kọ́ máa ronú, ẹ̀rọ á máa ṣe kẹkẹkẹ, èéfín funfun á máa jáde.”

Ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà. Ọwọ́ wọn dúró. Wọ́n ní, “Ta ló ń ka nọ́ńbà náà?”

Mo ní, “Ẹ̀rọ ni, Mà.”

Wọ́n tún padà sórí ẹ̀wà wọn. Wọ́n ní, “Èmi náà ní ẹ̀rọ.”

Láti ọjọ́ náà, ó tán fún gbogbo wa. Ọmọ tí wọ́n bá rán níṣẹ́ tó bá dúró ń wòye, sétéènì rẹ̀ ò tó. Ayálégbé tó bá dákẹ́ nígbà tí wọ́n bèèrè owó iná, sétéènì ni. Lúkúmánù, àbúrò ìyá mi, fẹ́ obìnrin kan sọ́nà fún ọdún mẹ́sàn-án kó tó gbé e níyàwó, Màmá sì ti fi ọ̀rọ̀ yìí lù ú títí ó fi ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Nígbà tí ìyàwó bímọ, tí àwọn àna wá síbi ìsọmọlórúkọ, Màmá di ìyá ìyàwó lọ́wọ́ mú tìfẹ́tìfẹ́, wọ́n ní, “Ẹ má bínú sí wa. Ó ti gbiná báyìí.”

Ẹ̀ṣẹ̀ mi ibẹ̀ ni pé n ò ṣàlàyé rẹ̀ délẹ̀. N ò sọ fún wọn pé ojú lásán ò lè rí sétéènì. Màmá sì ti ní ìgò kan tí wọ́n gbà pé ó ń fi í han àwọn.

Ọ̀gá Ìgò ni wọ́n sọ ọ́. Nígbà ayé bàbá àgbà, dísù kan dé tó jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ tí bàbá yí irin ni ẹ̀rọ dìde. Irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Bàbá ní kí wọ́n bu díẹ̀ pa mọ́ kí wọ́n lè máa fi mọ epo gidi. Màmá bù ú sínú ìgò funfun kan tó mọ́ gaara, wọ́n fi àbẹ́là lẹ ẹnu rẹ̀ pa, wọ́n sì gbé e sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń wọlé, kí gbogbo ayé lè máa rí i. Tí wọ́n bá ra dísù tuntun, wọ́n á bù ú sínú ìgò kejì, wọ́n á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí omi tó bá wà nínú rẹ̀ lè rọ̀ sísàlẹ̀, wọ́n á wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gá Ìgò. Tó bá jọ ọ́, epo ni. Tí kò bá jọ ọ́, ẹni tó tà á ń bọ̀ wá gbọ́ tirẹ̀.

Nígbà tí mo fi máa gbọ́njú, ohun tó wà nínú Ọ̀gá Ìgò ti dúdú bíi tíì tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Dísù dúdú ni Màmá ń wá kiri nígbà náà. Ọkùnrin kan lójú ọ̀nà Ìjù ló ń tà á fún wọn nínú kẹ́ẹ̀gì, tó ń rùn bí irun tó jóná. Ìgbà mẹ́sàn-án, ìgbà mẹ́wàá ni wọ́n ń yí ẹ̀rọ kó tó dìde. Tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ọyẹ́ ló fà á. Mo rán wọn létí lọ́jọ́ kan pé inú òjò la wà. Wọ́n ní, “Ọyẹ́ ti inú irin ni mò ń sọ.”

Báyìí la ṣe wà tí ilé epo tuntun kan fi ṣí sí ìtòsí wa, èyí tó ní òrùlé aláwọ̀ ewé. Mánéjà ibẹ̀ ń jẹ́ Ráṣídì, ọmọ Ìwó ni, ọ̀dọ́ ọkùnrin kan tó máa ń fi ọwọ́ méjèèjì kí èèyàn. Màmá lọ ra dísù níbẹ̀, wọ́n bù ú sígò, wọ́n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ó mọ́, ó rẹwà, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí òróró ẹ̀pà. Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gá Ìgò, wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní kẹrosíìnì ti wà nínú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n kúkú dà á sẹ́rọ ká yí i wò. Wọ́n ní àwọn ò lè fi májèlé dán ìfun ẹ̀rọ ọkọ àwọn wò.

Wọ́n ṣí gèlè, wọ́n tún un wé, ó di ìkóríta iwájú ilé epo náà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sàká ló ń ta òògùn eku níbẹ̀. Ó ní gbohùngbohùn kan tó ti gba ohùn ara rẹ̀ sí, tó ń pariwo láàárọ̀ dalẹ́ pé, “Òògùn eku, òògùn aáyán, òògùn ìdun. Eku tó bá jẹ ẹ́ kò ní délé.” Gbohùngbohùn náà ti fẹ́ bàjẹ́. Èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnì kan mọ́lẹ̀ kó tó lè sọ tirẹ̀. Tó bá ti ju bọ́tìnì sílẹ̀, òògùn eku á tún bẹ̀rẹ̀. Màmá gbà á lọ́wọ́ Sàká, wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fa epo, wọ́n tẹ bọ́tìnì náà mọ́lẹ̀, wọn ò sì jù ú sílẹ̀ títí wọ́n fi sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n ní kẹrosíìnì ni Ráṣídì ń bù mọ́ dísù. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ràn ẹ̀rọ rẹ̀ má rà á. Àwọn ẹlẹ́rọ ata tó wà ní ẹgbẹ́ Màmá gbọ́, àwọn awakọ̀ típà náà gbọ́, ṣe ni gbogbo wọn yẹra.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ráṣídì wá sílé wa. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kọnkéré, kò sì dìde. Ó ní, “Màmá, ẹ dákun. Ọ̀gá mi pè mí láti Èkó. Wọ́n ní táwọn oníbàárà ò bá padà kí oṣù yìí tó parí, kí n kó ẹrù mi. Mo ti kó ìyàwó àtọmọ mẹ́rin wá síbí láti Ìwó. Mi ò bu nǹkan kan mọ́ epo. Mo fi Ọlọ́run búra.”

Màmá ò wò ó. Wọ́n na ọwọ́ sójú fèrèsé. Wọ́n ní, “Má bẹ̀ mí. Ìgò yẹn ni kó o lọ bẹ̀.”

Ọkùnrin náà gbé orí sókè, ó wo ìgò, ó wá wo èmi. Mo wo ilẹ̀. Ojú tì mí gan-an, torí mo ti ń fura láti ọjọ́ tó ti pẹ́, mo kàn fẹ́ràn àlàáfíà ara mi ni.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Màmá lọ kírun, mo ṣí àbẹ́là ẹnu Ọ̀gá Ìgò, mo bu díẹ̀ nínú rẹ̀, mo sì lẹ̀ ẹ́ padà. Mo bu díẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì ọlọ́jà Ìjù. Mo ra ti Ráṣídì. Mo kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ bá Ẹnjiníà wa níbi iṣẹ́, ẹni tó ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń díwọ̀n sétéènì. Ti Ráṣídì ga ju èyí tí jẹnẹrétọ̀ wa ń bèèrè lọ. Ti ọlọ́jà Ìjù kéré débi pé Ẹnjiníà tún un wọ̀n. Nígbà tó kan Ọ̀gá Ìgò, ẹ̀rọ náà kọ̀, kò ka nọ́ńbà kankan. Ẹnjiníà gbé ìgò sí imú, ó yára gbé e kúrò. Ó ní, “Àṣàkẹ́, níbo lo ti rí àgbo yìí?” Ó wá ṣàlàyé fún mi pé tí dísù bá ti pẹ́ nínú ìgò funfun, tí oòrùn ń pa á lójoojúmọ́, á dúdú, á sì bàjẹ́. Ó ní ẹni tó gbé e sójú fèrèsé ló pa á.

Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà sínú. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ fún Màmá pé ìgò tí ọkọ wọn ní kí wọ́n pa mọ́ ti di ìdọ̀tí, pé òun náà ló sì fẹ́ lé ọkùnrin kan kúrò níbi iṣẹ́? Ní ìkẹyìn, mo fi ọ̀rọ̀ náà lé ẹ̀rọ wọn lọ́wọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, mo gbé kẹ́ẹ̀gì kan dé, mo ní kí wọ́n bá mi ka iye ìgbà. N ò sọ ibi tí mo ti rà á. Wálé kì irin bọ̀ ọ́. Màmá ní, “Ọ̀kan. Èjì.” Ẹ̀rọ dìde, ó ń lọ geerege. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní mo ṣì ní èkejì. Wọ́n ní ó di ọ̀la, wọ́n ní ẹ̀rọ tó bá ti gbóná, irọ́ ló máa ń pa. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fa ti àná kúrò, mo da ti ọlọ́jà Ìjù sí i. Màmá kà á dé mẹ́wàá. Ìgbà kejìlá ni ẹ̀rọ tó dìde, Wálé sì jókòó sílẹ̀.

Màmá ní, “Ta ló ni ti àkọ́kọ́?”

Mo ní, “Ráṣídì ni, Mà. Ti òní, ti ọlọ́jà yín lójú ọ̀nà Ìjù ni.” Mo wá sọ ti oòrùn fún wọn, àti ohun tí Ẹnjiníà sọ. N ò gbójú sókè títí mo fi sọ ọ́ tán.

Màmá dìde. Wọ́n lọ gbé Ọ̀gá Ìgò lójú fèrèsé, wọ́n gbé e síwájú oòrùn, wọ́n sì ń wò ó. Wọ́n pe ìyá mi. Wọ́n ní, “Lọ́jọ́ tí èmi àti bàbá yín bu eléyìí, báwo ló ṣe rí?”

Ìyá mi ní, “Ó mọ́, Mà. Ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí òróró.”

“Gbogbo bó ṣe ń dúdú yìí, ṣé ẹ̀ ń rí i ni?”

“À ń rí i, Mà.”

“Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?”

Ìyá mi wo èmi, mo wo Wálé, Wálé wo ẹ̀rọ. Ìyá mi ní, “Màmá, ta ni kó sọ ọ́?”

Màmá jókòó sórí àpótí. Omi bọ́ lójú wọn. Èmi ò rí i kó bọ́ rí, kódà nígbà tí bàbá kú. Wọ́n ní, “Ọmọ mẹ́rin ló kó wá láti Ìwó.” Wọ́n tún un sọ, “Ọmọ mẹ́rin.” Mo ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ bá a nínú ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́la, ká bẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́.”

Wọ́n wò mí bí ìgbà tí wọ́n ń wo dísù olómi. Wọ́n ní, “Ṣé inú ọ́fíìsì ni mo ti bà á lórúkọ jẹ́?”

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n wọ léèsì Iléyá wọn. Wọ́n ní kí n lọ bá àwọn pe gbogbo ẹlẹ́rọ ata. Wọ́n lọ gba gbohùngbohùn Sàká. Sàká bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kóun bá wọn yá èyí tó dáa ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ní rárá, èyí tí àwọn fi bà á jẹ́ náà làwọn máa fi tún un ṣe. Wọ́n dúró síbi tí wọ́n dúró sí lóṣù tó kọjá. Lọ́jọ́ ẹ̀sùn, àtàǹpàkò wọn ò yẹ̀ lórí bọ́tìnì. Lọ́jọ́ ẹ̀bẹ̀ yìí, ó ń yọ̀ kúrò lórí rẹ̀ ṣáá.

Wọ́n ní, “Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi Ìyá Ẹlẹ́rọ ni. Níbí ni mo dúró sí, tí mo ní epo ọkùnrin yìí—”

“Òògùn eku, òògùn aáyán, òògùn ìdun.”

Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. “Mo ní epo ọkùnrin yìí ní kẹrosíìnì nínú. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Ìgò mi ló bàjẹ́, èmi ò sì mọ̀. Epo rẹ̀—”

“Eku tó bá jẹ ẹ́ kò ní délé.”

Awakọ̀ típà kan fi orí lé sítíárìn, ó ń rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń mì. Gbogbo ẹlẹ́rọ ata bo ẹnu. Ráṣídì tó sáré jáde láti ọ́fíìsì fẹ́ lọ gba gbohùngbohùn náà lọ́wọ́ wọn, Màmá fi ọwọ́ kejì lé e sẹ́yìn. Wọ́n fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ bọ́tìnì náà, wọ́n ní, “Epo rẹ̀ dára. Ìgbà méjì ni mo kà tí ẹ̀rọ mi fi dìde. Ẹ padà wá rà á. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.” Wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀ lóòótọ́, pẹ̀lú orúnkún yẹn, Ráṣídì sì ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó délẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Òògùn eku ń pariwo lọ láàárín àwọn méjèèjì. Mo jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì mi, mo sunkún tèmi, inú mi sì dùn pé èmi ni ọmọ ọmọ wọn.

Àwọn oníbàárà padà. Ráṣídì ò kó ẹrù. Ó bu dísù tuntun sínú ìgò fún Màmá lọ́fẹ̀ẹ́, Màmá sì fi náílọ́ọ̀nù dúdú wé e, wọ́n gbé e sábẹ́ tábìlì, wọ́n ní Iléyá dé Iléyá làwọn á máa pààrọ̀ rẹ̀. Ṣé ẹ rò pé ìjà parí? Wọ́n ṣì ń bá Ráṣídì jà lórí omi tí kò gbọ́dọ̀ wọ inú táǹkì ìsàlẹ̀, lórí hóòsì epo tó ń jò, àti lórí ìdí tí kò fi tíì mú ọmọ rẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹta wá kí àwọn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí tánkà bá ti já epo síbẹ̀, ó máa ń pè wọ́n lórí fóònù onítọ́ọ̀ṣì wọn. Á ní, “Màmá, epo tuntun ti dé. Ẹ wá wò ó.” Màmá á dáhùn pé, “Má tíì tà á fẹ́nikẹ́ni. Mò ń gbé ìgò bọ̀.” Kì í sì í tà á. Típà mẹ́ta lè tò kalẹ̀, àwọn awakọ̀ lè máa bú u, á dúró títí ìyá arúgbó náà á fi rọra rìn dé pẹ̀lú ìgò wọn.

Lẹ́yìn ìrun àsùbá ni Màmá lọ, lórí ẹní ìkírun wọn. Ráṣídì wà lára àwọn tó bu iyẹ̀pẹ̀ sí sàárè wọn. Gbogbo bí a ṣe ń ṣe é, mi ò sunkún. Mo ń gba àlejò, mo ń pín ìrẹsì, mo ń dá Àfáà lóhùn. Ìyá mi tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ìyanu wò mí.

Lọ́jọ́ kejì àdúrà ọjọ́ kẹjọ, mo wọ ṣọ́ọ̀bù láti gbálẹ̀. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì wọn wà lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó rántí pa á. Ó dún. Mo gbé e. Kí n tó sọ̀rọ̀, ohùn kan yára wọlé, ó ní, “Màmá, epo tuntun ti dé. Ẹ wá wò ó.”

Mo ní, “Ráṣídì, èmi ni.” Ó ní, “Háà. Ẹ dákun, Àǹtí Àṣàkẹ́. Tánkà ṣẹ̀ṣẹ̀ já epo tán ni. Ọwọ́ mi kàn lọ síbẹ̀.”

Mo fi ẹ̀yìn ti ẹ̀rọ ata, ẹkún tí mo ti ń wá láti ọjọ́ mẹ́sàn-án sì dé. Mo sun ún dáadáa. Ráṣídì ò já ìpè náà. Nígbà tí ó rọlẹ̀, mo fi etí aṣọ nu ojú, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fa ìgò kan tó ṣófo jáde lábẹ́ tábìlì, mo gbé e síwájú oòrùn wò bóyá ó mọ́.

Mo ní, “Má tíì tà á fẹ́nikẹ́ni. Mò ń gbé ìgò bọ̀.”